Títo Ọ̀rọ̀ ní Ìlànà Ábídí Yorùbá nínú Ètò-Iṣẹ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

1. Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọ̀nà tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ń gbà to ọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, pàápàá jù lọ lórí ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì, àti ìdí tí ọ̀nà náà kì í fi í bá ábídí Yorùbá mu nígbà tí a bá fi ẹ̀rọ sílẹ̀ láti ṣe bí ó ti mọ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè, ẹni tí ó ń ṣe àkójọ èdè-ìperí, olùkọ́ tí ó ń to orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, àti òǹkàwé tí ó ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, gbogbo wọn ni ó kàn. Púpọ̀ nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ni a ń tẹ̀ sínú ẹ̀rọ lóde òní, ẹ̀rọ náà ni ó sì ń bá wa tò wọ́n.

Orúkọ tí a ń pe ọ̀wọ́ lẹ́tà wa pàápàá ti fi ohun kan hàn. Ábídí ni a ń pè é, nítorí pé A, B, D ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí C láàárín wọn. Lẹ́tà márùndínlọ́gbọ̀n ni ó wà nínú rẹ̀, báyìí: a, b, d, e, ẹ, f, g, gb, h, i, j, k, l, m, n, o, ọ, p, r, s, ṣ, t, u, w, y. Àwọn ohun kan wà tí ó yẹ kí a kíyè sí nípa wọn. Èkíní ni pé lẹ́tà gedegbe ni ẹ, ọ àti ṣ. Wọn kì í ṣe ẹ̀yà e, o àti s. Èkejì ni pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni gb, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì méjì ni a fi ń kọ ọ́, nítorí pé ìró kan ni ó dúró fún, èyí tí í ṣe kọ́ńsónáǹtì àfàséfètèpè. Ẹ̀kẹta ni pé àmì ohùn kì í ṣe lẹ́tà rárá. Kò sí olùkọ́ tí ó ń ka á àti à sí lẹ́tà méjì. Bí ẹ̀rọ bá ti jáde láti ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é, kò mọ ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí.

2. Àwọn èdè-ìperí tí a ó lò

Ọ̀rọ̀-ìṣe tò kò ṣòro. A ń to iṣu, a ń to àwo, a ń to àwọn ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà. Nítorí náà, títò ni a ó pe iṣẹ́ náà, a ó sì pe òfin tí a fi ń ṣe é ní ìlànà ìtò. Ìtò ní ìlànà ábídí ni èyí tí ó jẹ wá lógún níhìn-ín. Ẹ̀rọ tún lè to nǹkan ní ìlànà iye tàbí ti ọjọ́.

Ohun tí a ń tò ni ó gba àròjinlẹ̀ díẹ̀. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ọ̀wọ́ àmì tí ó tẹ̀ léra wọn ni. Ó lè wu atúmọ̀ kan láti pe irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ ní okùn, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ṣe pè é. N kò fara mọ́ ọn. Bí a bá sọ pé okùn, ohun tí yóò wá sí Yorùbá lọ́kàn ni èyí tí a fi ń di ẹrù tàbí èyí tí a fi ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín ni ó jọ ohun tí à ń sọ yìí: ẹyọ kọ̀ọ̀kan dá dúró, a lè kà wọ́n, ipò ẹnì kìíní àti ti ẹnì kejì sì ṣe pàtàkì. Láti ara sín yìí ni mo ti mú àsínpọ̀, èyí tí mo dábàá fún lílò. Àsínpọ̀ ẹyọ mẹ́fà ni gbogbo jẹ́ lójú ẹ̀rọ, g, b, o, g, b, o, ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́rin ni ó jẹ́ lójú wa. A lè ní àsínpọ̀ òfìfo pẹ̀lú, tí kò ní ẹyọ kankan nínú.

Àwọn yòókù kò ní àríyànjiyàn púpọ̀. Nọ́ńbà ìdámọ̀ ni a ó pe iye tí ẹ̀rọ fi ń dá àmì kọ̀ọ̀kan mọ̀. Àmì àlẹ̀mọ́ ni èyí tí kò lè dá dúró àfi kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́tà kan. Afọ̀rọ̀wéra ni apá ètò-iṣẹ́ tí a ń fún ní ọ̀rọ̀ méjì láti sọ èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú. Aṣètò-iṣẹ́ ni ẹni tí ó ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rọ.

3. Bí ẹ̀rọ ṣe ń to ọ̀rọ̀

Kò sí lẹ́tà nínú ẹ̀rọ. Nọ́ńbà ni ó wà níbẹ̀. Ní 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìlànà ASCII jáde ní Amẹ́ríkà, èyí tí ó ní àyè fún 128 péré, ábídí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ṣe ìwọ̀n rẹ̀. Nínú rẹ̀, A ńlá jẹ́ 65, Z ńlá jẹ́ 90, a kékeré jẹ́ 97, z kékeré sì jẹ́ 122. Nígbà tí ìlànà Unicode, tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, gba iṣẹ́ náà ṣe fún gbogbo èdè ayé, kò yí àwọn nọ́ńbà àkọ́kọ́ wọ̀nyí padà. Àwọn lẹ́tà èdè mìíràn ni a wá ń fún ní nọ́ńbà lẹ́yìn wọn. Bí ẹ ti ń wo ìwé yìí, ṣ kékeré jẹ́ 7779, ẹ jẹ́ 7865, ọ sì jẹ́ 7885. Àwọn ńlá wọn jẹ́ 7778, 7864 àti 7884. Ibi tí àyè ṣí sílẹ̀ ni wọ́n fi wọ́n sí; kò sí ẹni tí ó rò pé ẹ̀yìn z ni ó yẹ kí Yorùbá máa ka ẹ.

Nínú JavaScript, èdè ètò-iṣẹ́ tí Brendan Eich ṣe ní 1995 ní ilé-iṣẹ́ Netscape, tí gbogbo aṣàwákiri íntánẹ́ẹ̀tì sì ń lò títí di òní, sort ni orúkọ iṣẹ́ títò. Bí aṣètò-iṣẹ́ kò bá fún sort ní afọ̀rọ̀wéra, nọ́ńbà ni yóò máa fi wéra. Yóò mú ẹyọ kìíní ọ̀rọ̀ méjèèjì. Bí wọ́n bá dọ́gba yóò mú ẹnì kejì. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ni yóò ṣáájú. Òfin yìí le débi pé bí a bá fún un ní iye 9 àti 10 pàápàá, 10 ni yóò kọ́kọ́ kọ, nítorí pé àmì 1 kéré sí àmì 9. Sort tún máa ń yí àkójọ tí a fún un fúnra rẹ̀ padà, kì í ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa ètò ti tẹ́lẹ̀ mọ́ níláti dà á kọ kí ó tó tò ó.

Ẹ jẹ́ kí a fún un ní orúkọ méje tí a ti tò dáadáa: Adébáyọ̀, Ẹniọlá, Gbádébọ̀, Ọlábísí, Ṣadé, Wálé, Yẹmí. Bí yóò ṣe dá wọn padà nìyí: Adébáyọ̀, Gbádébọ̀, Wálé, Yẹmí, Ṣadé, Ẹniọlá, Ọlábísí. Gbogbo ọmọ tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà alámì-ìsàlẹ̀ ti di èrò ẹ̀yìn. Nínú àkójọ orúkọ méje a lè fojú fò ó dá. Nínú àkójọ ẹgbẹ̀rún orúkọ, ẹni tí ó ń wá Ẹniọlá lẹ́yìn Ebenezer kò ní rí i, yóò sì gbà pé kò sí níbẹ̀.

Ohun tí ó tẹ̀ lé èyí ni ó dùn mí jù. Ọ̀nà àbùjá tí ó wà nílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ ni pé kí ó yọ àmì abẹ́ lẹ́tà kúrò kí orúkọ lè tò dáadáa: kí Ẹniọlá di Eniola, kí Ṣadé di Sade. Nígbà náà ni ẹ̀rọ yóò ṣe bí ẹni pé ó gbọ́ràn. A ti fi àkọtọ́ san owó ìtò. Àkọtọ́ tí àwọn ìgbìmọ̀ jókòó lé lórí láti ìgbà ìpàdé 1875 ní Èkó títí dé àwọn ìgbìmọ̀ 1966 àti 1974, ìlà kan ṣoṣo nínú ètò-iṣẹ́ lè sọ ọ́ di ohun ìdènà lójú akọ̀wé.

4. Gbogbo, gbà, gun, gèlè

Lẹ́tà gb yẹ fún àlàyé lọ́tọ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí bí ó ti yẹ kí wọ́n wà nínú ìwé atúmọ̀-èdè Yorùbá: gèlè, gun, gbà, gbogbo. Bí a bá fi nọ́ńbà ipò wọn nínú ábídí kọ wọ́n, níbi tí a ti jẹ́ 1, tí g jẹ́ 7, tí gb jẹ́ 8, gèlè yóò jẹ́ 7-4-13-4, gun yóò jẹ́ 7-23-15, gbà yóò jẹ́ 8-1, gbogbo yóò sì jẹ́ 8-16-8-16. Ọmọ tí ó mọ òǹkà lè fi èyí tò wọ́n.

Ẹ fi wọ́n fún sort láìsí afọ̀rọ̀wéra. Ohun tí yóò jáde ni: gbogbo, gbà, gun, gèlè. Ó ti dorí wọn kodò pátápátá! Ìdí rẹ̀ kò farasin. Nínú gbogbo àti gbà, ẹyọ kejì jẹ́ b, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 98. Ti gun jẹ́ u, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 117. Ti gèlè jẹ́ è, èyí tí Unicode fún ní nọ́ńbà tirẹ̀, 232. Láàárín gbogbo àti gbà ẹ̀wẹ̀, o jẹ́ 111, ṣùgbọ́n à jẹ́ 224. Àmì ohùn tí a sọ pé kì í ṣe lẹ́tà ti wá di ọ̀gá lórí lẹ́tà.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. A lè kọ à ní ọ̀nà méjì tí ojú ènìyàn kò lè yà sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni ẹyọ kan ṣoṣo tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 224. Èkejì ni a lásán, 97, tí àmì àlẹ̀mọ́ ohùn ìsàlẹ̀, 768, tẹ̀ lé. Bí àtẹ ìtẹ̀wé tí a lò bá ń tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀nà kejì, àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́rin kan náà yóò jáde báyìí: gbà, gbogbo, gèlè, gun. Nítorí náà, akọ̀wé méjì lè tẹ ọ̀rọ̀ kan náà, kí ìwé wọn jọra bí ìbejì, kí ẹ̀rọ sì tò ó sí ibi méjì.

Ti ẹ́ tún le jù. Unicode kò fún ẹ́ ní nọ́ńbà ẹyọ kan. A lè kọ ọ́ ní ẹ tí ohùn òkè tẹ̀ lé, 7865 àti 769. Tàbí é tí àmì abẹ́ tẹ̀ lé, 233 àti 803. Tàbí e, àmì abẹ́, ohùn òkè, 101, 803 àti 769. Oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni Unicode kà sí ohun kan náà, JavaScript sì ní iṣẹ́ kan láti ọdún 2015, normalize, tí ó ń sọ wọ́n di ọ̀kan. Mímú-bára-mu ni mo máa ń pe iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn kì í lo ẹyọ àmì tí ó rí roboto. Ìlà kékeré òòró ni wọ́n ń fi sábẹ́ lẹ́tà, bí ó ti wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a tẹ̀. Àmì àlẹ̀mọ́ mìíràn ni ìyẹn lójú ẹ̀rọ, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 809, mímú-bára-mu kì í sì í sọ 809 di 803. Aṣètò-iṣẹ́ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó tò.

5. Ohun tí àwọn èdè mìíràn ṣe

Ìṣòro yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Lẹ́tà ä wà nínú èdè Swídìn, ó sì wà nínú èdè Jámánì. Ẹ̀yìn z ni àwọn ará Swídìn ń tò ó sí, pẹ̀lú å àti ö. Ní Jámánì, ẹ̀gbẹ́ a ni ó máa ń wà nínú ìwé atúmọ̀-èdè. Nínú ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù, wọ́n a máa tò ó bí ẹni pé ae ni wọ́n kọ. Àmì kan, nọ́ńbà kan, ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí fi hàn gbangba pé ètò kò sí nínú àmì. Àwọn tí wọ́n ni èdè ni wọ́n ń fún un ní ipò.

Àwọn elédè Sípéènì tilẹ̀ yí ìpinnu wọn padà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, lẹ́tà ni ch àti ll jẹ́ fún wọn, gẹ́gẹ́ bí gb ti jẹ́ fún wa, wọ́n sì ní abala tiwọn nínú ìwé atúmọ̀-èdè. Ní 1994, àwọn ẹgbẹ́ akadá èdè náà fẹnu kò pé kí a máa tò wọ́n sí àárín c àti l. Ní 2010, wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú ábídí pátápátá. A kò gbọ́dọ̀ fi èyí ṣe àwáwí láti sọ pé kí àwa náà jọ̀wọ́ gb. Nínú èdè Sípéènì, ìpàdé ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó yí i padà. Bí gb bá kúrò nínú ìtò tiwa láìsí ìpàdé, nítorí pé ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ó ṣe ìpàdé fún wa.

Gb tilẹ̀ rọrùn fún ẹ̀rọ ju ti àwọn mìíràn lọ. Nínú èdè Welsh, lẹ́tà kan ni ng, ṣùgbọ́n nínú orúkọ ìlú Bangor, n àti g ni, kì í ṣe ng. Ẹ̀rọ kò sì lè mọ̀ bí a kò bá sọ fún un. Èdè Yorùbá kò ní ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì. Níbikíbi tí b bá ti tẹ̀ lé g nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá, gb ni, àfi nínú orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ àjèjì tí a kò tíì sọ di ti Yorùbá. Fonọ́lọ́jì èdè wa ti bá aṣètò-iṣẹ́ ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀.

6. Ìpele ìtò àti ipò ohùn

Báwo wá ni a ṣe lè kọ afọ̀rọ̀wéra tí ó mọ Yorùbá? Ìpele ni a ó lò. Ní ìpele kìíní, lẹ́tà nìkan ni a ó wò, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ dé òpin rẹ̀, a ó sì ṣe bí ẹni pé kò sí ohùn níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ méjèèjì bá dọ́gba délẹ̀délẹ̀, nígbà náà ni a ó bọ́ sí ìpele kejì, tí í ṣe ti ohùn. Bí ohùn bá tún dọ́gba, ìpele kẹta ni ti lẹ́tà ńlá àti kékeré. Ìlànà oní-ìpele yìí náà ni Unicode ń lò fún gbogbo èdè.

Nínú iṣẹ́ ṣíṣe, a ó kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ bára mu, kí gbogbo àmì àlẹ̀mọ́ lè tú kúrò lára lẹ́tà wọn. Nígbà tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, àmì abẹ́ a máa ṣáájú àmì ohùn nígbà gbogbo. A ó yọ àwọn àmì ohùn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n a ó fi àmì abẹ́ sílẹ̀, nítorí pé ara lẹ́tà ni. A ó so g àti b tí ó tẹ̀ lé e pọ̀. Ohun tí ó bá kù, a ó fún un ní nọ́ńbà ipò rẹ̀ nínú ábídí. Ti c, q, v, x àti z ńkọ́? Kò sí wọn nínú ábídí, ṣùgbọ́n Crowther àti Victoria kò ní ṣàìwà nínú àkójọ orúkọ wa. Mo dábàá pé kí c tẹ̀ lé b, kí q tẹ̀ lé p, kí v tẹ̀ lé u, kí x tẹ̀ lé w, kí z sì gbẹ̀yìn.

Èéṣe tí ohùn kò fi yẹ ní ìpele kìíní? Ẹ wo ọkọ tí í ṣe ti ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, àti ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun. Bí a bá fi ohùn sí ìpele kìíní, tí ọ̀ wá dà bí lẹ́tà tí ó wà lẹ́yìn ọ, ọ̀kọ̀ yóò fò kọjá ọlá, ọmọ àti ọwọ́, yóò lọ jókòó níbi tí àwọn mẹ́ta yòókù kò sí. Òǹkàwé tí kò dá ohùn ọ̀rọ̀ náà lójú, ìyẹn ni pé ẹni tí ó tìtorí ohùn wá sínú ìwé atúmọ̀-èdè gan-an, ni ìyà rẹ̀ yóò jẹ.

Ètò àwọn ohùn láàárín ara wọn ni a kò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ láìpinnu. Nínú ìlànà gbogboogbò ti Unicode, lẹ́tà tí kò ní àmì ni ó ń ṣáájú, lẹ́yìn náà ni èyí tí ó ní àmì òkè, lẹ́yìn náà ni ti ìsàlẹ̀. Ìyẹn yóò fún wa ní ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n kò sí ìdí kankan fún un nínú èdè Yorùbá. Dò, re, mí ni à ń kọ́ àwọn ọmọ. Bí a bá tẹ̀ lé e, ọ̀kọ̀ ni yóò ṣáájú, ọkọ̀ yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọkọ, lẹ́yìn náà ọkọ́. Èmi fara mọ́ dò, re, mí, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ lè rántí rẹ̀ láìwo ìwé. Èyíkéyìí tí a bá mú, kí a mú ọ̀kan, kí olóòtú ìwé atúmọ̀-èdè sì kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀.

7. Ohun tí ó ti wà nílẹ̀

Kò di dandan kí gbogbo aṣètò-iṣẹ́ kọ afọ̀rọ̀wéra tirẹ̀. Nínú àkójọ ìlànà èdè tí ẹgbẹ́ Unicode ń tọ́jú, tí wọ́n ń pè ní CLDR, ìlànà ìtò Yorùbá wà: ẹ lẹ́yìn e, gb lẹ́yìn g, ọ lẹ́yìn o, ṣ lẹ́yìn s. Láti ọdún 2012 sì ni ìlànà ECMA-402 ti fún JavaScript ní Intl.Collator, èyí tí a lè fún ní orúkọ èdè tí a fẹ́. Yo ni àmì-orúkọ èdè Yorùbá. Ìlà kan péré tó:

akojo.sort(new Intl.Collator("yo").compare)

Níbi tí ọ̀rọ̀ bá pọ̀, ó sàn kí a ṣe Collator lẹ́ẹ̀kan kí a sì máa lò ó lọ, ju kí a máa pe localeCompare fún ọ̀rọ̀ méjì-méjì. Títo ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ lè gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìfiwéra.

Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀. Bí aṣàwákiri tí òǹkàwé ń lò kò bá gbé ìlànà Yorùbá dání, kò ní sọ̀rọ̀. Yóò rọra lo ìlànà mìíràn tí ó ní lọ́wọ́, tí ó sábà máa ń jẹ́ ti èdè tí a ṣètò ẹ̀rọ náà sí. Bí ó bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ yóò di ẹ̀yà e, ẹja yóò wà láàárín ehoro àti ejò, gb yóò sì padà sí àárín g. Àṣìṣe yìí léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé àkójọ náà yóò dára lójú ẹni tí kò fara balẹ̀. Aṣètò-iṣẹ́ lè fi Intl.Collator.supportedLocalesOf béèrè bóyá yo wà, kí ó sì ní afọ̀rọ̀wéra tirẹ̀ ní ìpamọ́ bí kò bá sí.

Ohun mìíràn ni pé ìlànà kan náà ni a gbọ́dọ̀ fi tò kí a sì fi wá. Ẹ̀rọ kì í ka àkójọ gígùn láti orí dé ìdí nígbà tí a bá ti tò ó. Àárín ni yóò kọ́kọ́ wò, yóò pinnu bóyá ọ̀rọ̀ tí ó ń wá wà ní òkè tàbí ní ìsàlẹ̀, yóò ju ìdajì nù, yóò tún wo àárín èyí tí ó kù. Báyìí ni ìwò mẹ́wàá ṣe tó fún ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀. Ẹ wá jẹ́ kí a sọ pé ìlànà Yorùbá ni a fi to àkójọ, tí gbogbo sì wà ní àárín rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìwákiri ń lo nọ́ńbà. Ẹnì kan béèrè ẹja. Ẹ̀rọ fi 7865 wé 103 ti g, ó gbà pé ìsàlẹ̀ ni ẹja wà, ó ju ìdajì òkè nù, ẹja sì bá a lọ. Èsì tí òǹkàwé yóò gbà ni pé kò sí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó wà níbẹ̀, ní ibi tí ó yẹ kí ó wà gan-an. Irú èyí máa ń ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú nígbà tí ibi-ìpamọ́ ọ̀rọ̀ bá ń tò ní ìlànà kan, tí aṣàwákiri sì ń tò ní òmíràn.

8. Àkójọ fún ìdánwò

Olùkọ́ tàbí olóòtú tí kò gbọ́ èdè ètò-iṣẹ́ lè yẹ iṣẹ́ aṣètò-iṣẹ́ wò fúnra rẹ̀. Kí ó da àwọn ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yìí rú, kí ó tẹ̀ wọ́n sínú ojú-ewé náà, kí ó sì pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ tò wọ́n. Bí ó ti yẹ kí wọ́n jáde nìyí:

abẹ́rẹ́, Adé, etí, ewé, ẹ̀fọ́, ẹja, gèlè, gun, gbà, gbogbo, orí, ọ̀kọ̀, ọkọ̀, ọkọ, ọkọ́, sáà, ṣíbí, yàrá.

Bí Adé bá ṣáájú abẹ́rẹ́, nọ́ńbà ni ẹ̀rọ ń fi wéra. Bí ẹ̀fọ́ bá ṣáájú etí, ìlànà èdè mìíràn ni ó yá lò. Bí gbà bá ṣáájú gèlè, kò mọ gb. Bí ó bá jẹ́ pé àárín àwọn ọkọ mẹ́rin nìkan ni ó ti yàtọ̀, ètò ohùn ni kí a béèrè lọ́wọ́ aṣètò-iṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, kí ó wá ẹja nínú àkójọ náà, ní ẹ̀ẹ̀mejì: kí ó kọ́kọ́ fi ẹyọ àmì roboto tẹ ẹ, lẹ́yìn náà kí ó fi ìlà òòró sí abẹ́ e. Bí èkíní bá jáde tí èkejì kò jáde, 809 ni a kò tíì sọ di 803.